Ọmọ Igi Wo Ni Ọ́? Àgbéyẹ̀wò Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Àfòpiná Wẹ́wẹ́ Orí Igi Páìnì Mọ̀

Ẹni tó bá gbé pàkúté oníná sẹ́yìn ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní alẹ́ oṣù Karùn-ún, tó sì lọ ṣí i láàárọ̀ kùtù, kò ní ṣàìbá àfòpiná nínú páálí ẹyin tó tò sínú rẹ̀. Àwọn ńláńlá kò níṣòro; ìwé alápèjúwe kan ṣoṣo ti tó láti pè wọ́n lórúkọ. Ìsàlẹ̀ páálí ni ìjàngbọ̀n wà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n na ìyẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ilà wínníwínní gba orí ìyẹ́ kọjá, àmì dúdú kan sì wà láàárín. O ṣí ìwé, o bá ojú ewé tó kún fọ́fọ́ fún irú wọn, gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá. Eupithecia ni orúkọ ìdílé wọn. Irú wọn tó wà láyé lé ní 1,000, nǹkan bí 50 sì wà ní erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Àwọn tí ìdin wọn ń jẹ páìnì àti àwọn ìbátan páìnì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, pẹ̀lú àwọn àfòpiná mìíràn tó tún kéré jù wọ́n lọ lórí igi kan náà.

Yorùbá mọ àfòpiná mọ iná. Òwe nípa èyí tó lóun yóò pa fìtílà kò ṣàjèjì sí ọmọdé. Ohun tí òwe náà kò sọ ni pé iná ló ń sọ àfòpiná di aláìnílé. Ẹni tí a bá pàdé ní gáréèjì, a ó wo ojú rẹ̀, a ó wo aṣọ ọrùn rẹ̀, a ó tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, ká tó lè fọkàn sí ìlú tó ti wá, a sì tún lè ṣì í. Ẹni tí a bá bá nínú agboolé bàbá rẹ̀ ńkọ́? A kì í bi í léèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe. Ìdin tó ń jẹ ewé páìnì lọ́wọ́ wà nínú agboolé bàbá rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tuntun fún wa. Sányán tí a ń wọ̀ lóde ìyàwó, inú ilé òwú tí ìdin àfòpiná Anaphe kọ́ sórí igi inú igbó ni fọ́nrán rẹ̀ ti wá, àwọn tó ń lọ ṣa á sì mọ igi tí wọn yóò gbójú sókè wò. Àwọn tó ń kó ìdin orí igi òrí, tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a gbẹ tà lọ́jà, wọn kò mọ àfòpiná tí ìdin náà ń dà, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Igi ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Èrò mi ni pé àwọn tó ń kọ ìwé nípa àfòpiná igi páìnì ti fi ìyẹ́ ṣíwájú fún ìgbà pípẹ́ jù. Igi ló yẹ kó ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ìyẹ́ wá jẹ́ ẹlẹ́rìí kẹta. Ṣùgbọ́n mo ní láti jẹ́wọ́ pé ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ yìí náà ń purọ́ nígbà mìíràn, a ó sì rí i.

Ká kọ́kọ́ mọ igi fúnra rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, igi tó ń súfèé létí òkun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní páìnì kì í ṣe páìnì rárá. Casuarina ni. Igi tó ń yọ òdòdó ni, ewé rẹ̀ ló kàn fara jọ abẹ́rẹ́. Ẹbí páìnì gan-an kì í yọ òdòdó, inú èso líle onípẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń pè ní kóònù ni irúgbìn rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ kédárì àti fírì tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì, ó sì mọ júnípérì tí Èlíjà sùn sábẹ́ rẹ̀ nínú ìtumọ̀ ti àtijọ́. Fi sípúrúùsì, láàṣì tí ń wọ́wé nígbà òtútù, àti sípírẹ́ẹ̀sì tí ewé rẹ̀ rí bí ìpẹ́ ẹja kún un.

Nínú gbogbo wọn, mẹ́ta péré ni ọmọ onílẹ̀ ní Bìrìtìkó: páìnì ti Scotland, júnípérì, àti yúù tí wọ́n ń gbìn sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì. Àtọ̀húnrìnwá ni àwọn yòókù. Láàṣì dé ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn. Ọdún 1831 ni David Douglas fi irúgbìn sípúrúùsì Sitka ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, lónìí òun ló kún inú oko igi ìjọba ní Scotland àti Wales. Ní 1888, sípírẹ́ẹ̀sì méjì láti Amẹ́ríkà gba ara wọn lóyún nínú ọgbà kan ní Wales, ọmọ tí wọ́n bí, Leyland, ló wá di ọgbà àyíká ilé káàkiri ìgboro Íńgílándì. Igi tó bá ṣí lọ sí ìlú mìíràn kì í dá lọ. Àlejò rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, bó pẹ́ bó yá.

Tí a bá wá pe orúkọ wọn lórí igi, ọ̀rọ̀ tó dà rú nínú páálí ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ìdin Eupithecia lórí láàṣì? E. lariciata ni ká kọ́kọ́ rò. Lórí páìnì, E. indigata. Sípúrúùsì ní méjì tó lókìkí: E. tantillaria tó ń jẹ ewé, àti E. abietaria tó ń wọ inú kóònù lọ jókòó, tó ń jẹ ibẹ̀ láì yọjú síta. Àwọn méjì yìí ń gbé inú ilé kan náà ṣùgbọ́n yàrá wọn kò pa pọ̀. Júnípérì ni ti E. pusillata. (Ní Hawaii, ìdin àwọn kan nínú ìdílé yìí ti pa ewé tì pátápátá, eṣinṣin ni wọ́n ń lúgọ mú jẹ, ẹ má ṣe bi mí bí a ó ṣe fi igi dá wọ̀nyẹn mọ̀.) Àwọn tó ń jẹ ewé nínú ìdin tí mo dárúkọ wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú ilà funfun gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, débi pé tí ó bá na ara lórí ewé, ojú á kọjá lórí rẹ̀ láì rí i. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi ojú wá a. Wọ́n á dojú agboòrùn dé sábẹ́ ẹ̀ka, wọ́n á fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á sì ka ohun tó bá já bọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń sọ orúkọ wọn kó tó kan ara wọn rárá, àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù. Retinia resinella máa ń dá ihò sára ẹ̀ka páìnì títí oje á fi máa ṣun, á wá fi oje náà mọ ilé róbótó yí ara rẹ̀ ká. Ọdún méjì ló ń gbé inú ilé oje yìí kó tó jáde. Rhyacionia buoliana ń wọ inú ọ̀mùnú páìnì. Ọ̀mùnú tó bá jẹ tì á wó, á tún gbìyànjú àtinà sókè, á wá tẹ̀ bí ìwo tí wọ́n ń fọn. Igi tó bá ti tẹ̀ báyẹn á gbé àpá náà títí wọn yóò fi là á ní pákó. Ní 1914 wọ́n rí i ní Long Island ní ìpínlẹ̀ New York, ó ti bá igi wọ ọkọ̀ kọjá òkun. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni Coleophora laricella orí láàṣì. Ó ń jẹ inú ewé kan títí yóò fi ṣófo, á gé ewé náà kúrò, á sì wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù, á máa wọ́ ọ káàkiri. Tó bá dàgbà tó yọ ìyẹ́, eérú lásán ni àwọ̀ rẹ̀, ó sì dà bí ọ̀pọ̀ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí kò mọ láàṣì rí. Ẹ̀wù ìgbà èwe rẹ̀ ló dá a mọ̀, àgbà rẹ̀ kò ní àmì kankan tí ojú lásán lè gbára lé.

Ibi tí igi ti ń purọ́ wá dé. Wo E. intricata. Nígbà kan, àwọn oníwèé ní orúkọ ìnagijẹ mẹ́ta fún un ní erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland: ọ̀kan fún ti Íńgílándì, ọ̀kan fún ti Scotland tí wọ́n fi orúkọ Edinburgh pè, ọ̀kan fún ti Ireland. Ti Scotland ń gbé orí júnípérì igbó. Ti Íńgílándì ti kúrò lórí júnípérì lọ sórí sípírẹ́ẹ̀sì inú ọgbà, ó sì ti tàn kálẹ̀ dé ibi tí kò sí júnípérì igbó kankan. Irú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní kò sí ọmọ júnípérì níbi tí júnípérì kò sí, ó ti gbàgbé pé sípírẹ́ẹ̀sì àti júnípérì jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ìdin sì mọ ìyẹn ṣáájú àwa. Ẹ̀rí igi, ẹ̀rí agboolé ni, kì í ṣe ẹ̀rí yàrá.

Àwọn àlejò náà kò sì dáwọ́ dúró. Ní 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ rí E. phoeniceata ní Cornwall, lórí sípírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n gbìn. Ní 1982, Argyresthia trifasciata yọjú: kékeré, wúrà-wúrà, pẹ̀lú ọ̀já funfun mẹ́ta lórí ìyẹ́. Tó bá sinmi, á doríkodò, á na ìdí sókè bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́. Ní 1997 ni A. cupressella láti Amẹ́ríkà dé ìlà-oòrùn Íńgílándì. Inú ọ̀mùnú ni ìdin rẹ̀ ń gbé, orí ẹ̀ka á wá pọ́n bí ohun tí iná rà. Onílé á máa bú ọ̀dá, á máa fura sí ajá aládùúgbò. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú kò lè ní irú àlejò bẹ́ẹ̀ nínú, ẹni tó sì gbára lé ìwé náà á fi tipátipá wá orúkọ ọmọ onílẹ̀ kan fún un. Mo rò pé èyí wọ́pọ̀ ju bí a ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Oṣù ni ẹlẹ́rìí kejì. Ó rọrùn, kì í náni ní kọ́bọ̀, àwọn èèyàn kì í sì í kà á sí tó. Àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ ni E. indigata, oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ló ń fò. E. intricata ń tẹ̀ lé e dé oṣù Keje. Ní ìgbà tí E. pusillata bá ń jáde ní Keje, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí ì bá jọ ọ́ ti kú tán. Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni ti E. phoeniceata. Ọdún tí ooru bá tètè dé máa ń da ètò yìí rú díẹ̀, àmọ́ kò dà á rú tó bẹ́ẹ̀ tí àfòpiná oṣù Kẹrin yóò fi di ti Kẹsàn-án.

Ìyẹ́ wá kù. N kò sọ pé kò wúlò. E. tantillaria tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àmì dúdú kan tó nípọn láàárín ìyẹ́, ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú ni àwọ̀ ara ìyẹ́, ó sì ń gbọ̀n dànù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú òjò àti láàárín ẹ̀ka, aṣọ tó jẹ́ aláràbarà ti di àkísà. Àwọn kan sì wà tí wọ́n dúdú láti ìbí: E. lariciata aláwọ̀ dúdú kò ṣọ̀wọ́n, ilà tí ìwé ní ká wò ti rì sínú òkùnkùn. Nígbà mìíràn ìwo orí sàn ju ìyẹ́ lọ. Nínú àwọn àfòpiná ìdílé Thera tí wọ́n jọ ń gbé orí páìnì àti sípúrúùsì, akọ T. firmata ní ìwo tó rí bí ìyẹ́ ẹyẹ, ti T. obeliscata kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé ti sunwọ̀n sí i, mo gbà. Ìwé Bernard Skinner ti 1984 to àwọn ńláńlá sórí páálí bí èyí tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ sínú àpótí. Bí òkú ṣe rí ló fi hàn. Ìwé Sterling àti Parsons ti 2012, tí Richard Lewington yàwòrán sí, ya àwọn wẹ́wẹ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó láàyè, ìyẹn nìkan sì ti gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ àṣìṣe. Ti Riley àti Prior ní 2003 sì gbájú mọ́ ìdílé Eupithecia àti àwọn ìbátan wọn tó sún mọ́ wọn. Síbẹ̀, bí àwòrán bá ti dára tó náà ni ìgboyà òdì ń pọ̀ tó. Ẹni tó ní fọ́tò kan láti orí fóònù, tí kò mọ igi tó wà nítòsí, tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, á ní ó dá òun lójú. Kí ló dá a lójú?

Níbi tí ojú bá pin sí, ikùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nínú akọ Eupithecia, awẹ́ líle kan wà lábẹ́ ikùn nítòsí ìdí tí ìrísí rẹ̀ yàtọ̀ láti irú kan sí èkejì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lè gbọ́n lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ kúrò kí ó hàn. Tí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á yọ ikùn òkú àfòpiná, wọ́n á sè é nínú omi kan tó jẹ́ ìbátan omi éérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹran á yọ́, ohun líle á ṣẹ́kù, wọ́n á sì fi awò amúhun-tóbi wo ẹ̀yà ìbísí rẹ̀. Ocnerostoma piniariella àti O. friesei kò ní ọ̀nà mìíràn tó dájú. Inú abẹ́rẹ́ páìnì kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbẹ́ nígbà èwe, eérú ni àwọ̀ àwọn méjèèjì lágbà. Ọdún 1847 ni Zeller ti fún ọ̀kan lórúkọ, ó di 1966 kí Svensson tó rí i pé méjì ni wọ́n. Fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn tó ń fi igi àti ìyẹ́ dá a mọ̀ ń pe ẹni méjì lórúkọ ẹnì kan.

Ṣé àyẹ̀wò DNA kò wá parí ìjà? Láti 2003 tí Paul Hebert àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Guelph, nílẹ̀ Kánádà, ti dá a lábàá pé kí a máa ka nǹkan bí 650 lẹ́tà lára apá kan DNA fún gbogbo ẹranko, ó ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Lórí igi fírì ti Amẹ́ríkà ló ti kọsẹ̀. Choristoneura fumiferana, tí Clemens fún lórúkọ ní 1865, ni olórí ọ̀tá igbó ibẹ̀. Ìdin sípúrúùsì ni aráyé ń pè é, bẹ́ẹ̀ fírì ló ń fẹ́ jẹ jù. T. N. Freeman ya C. pinus tó ń jẹ páìnì sọ́tọ̀ ní 1953, ó tún ya ti apá ìwọ̀-oòrùn sọ́tọ̀ ní 1967, ó pè é ní occidentalis. Àwọn ìbátan yìí ti gba DNA ara wọn mọ́ra débi pé apá kékeré tí wọ́n ń kà kì í fi gbogbo ìgbà mọ ààlà láàárín wọn. Àfòpiná fúnra wọn mọ̀ ọ́n: òórùn tí abo C. fumiferana fi ń pe akọ kì í ṣe irú èyí tí abo C. pinus ń tú sáfẹ́fẹ́.

Orúkọ Freeman yẹn gan-an tún dá ọ̀ràn sílẹ̀, ó sì kàn wá níhìn-ín. Lord Walsingham ti fi occidentalis pe àfòpiná Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ní 1891, èyí tó wá bọ́ sínú ìdílé Choristoneura nígbẹ̀yìn. Òfin orúkọ kò gbà kí ẹni méjì nínú ilé kan jẹ́ orúkọ kan. Ẹ̀gbọ́n ló ni í. Ní 2008, Razowski sọ ti Amẹ́ríkà ní freemani. Àwọn onímọ̀ igbó kan kò gbà, wọ́n ṣì ń pè é ní ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwé nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá orúkọ méjèèjì.

Ọ̀ràn tó le jù ni ti Zeiraphera griseana, tí ìwé àtijọ́ ń pè ní diniana. Lórí àwọn òkè Alps, ní àfonífojì Engadine ní Switzerland, ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni ìdin rẹ̀ fi ń ya bo igbó láàṣì lẹ́ẹ̀kan, òkè ńlá á pọ́n bí ẹni pé ọyẹ́ ti dé ní àárín ìgbà ooru. Àwọn tó ka òrùka inú igi rí i pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí 1,200 ọdún kó tó rọlẹ̀ lẹ́yìn 1981. Lórí òkè kan náà, àwọn mìíràn ń gbé orí páìnì cembra. Ti orí láàṣì dúdú ní ìgbà ìdin, ti orí páìnì pọ́n rúsúrúsú. Òórùn tí abo wọn fi ń pe akọ yàtọ̀. Síbẹ̀, tí wọ́n bá yọ ìyẹ́ tán, ìyẹ́ kan náà ni, wọ́n sì tún máa ń fẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ní méjì ni wọ́n, ìyẹ́ ní ọ̀kan ni, ìwé orúkọ fara mọ́ ìyẹ́. Lójú tèmi, a ń wo àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń pín ilé lọ́wọ́, wọn kò tíì pín in tán. Orúkọ tí a bá fún wọn lónìí, ọjọ́ iwájú ni yóò sọ bóyá ó tọ́.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èyí tí mo máa yàn fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò gba ju ike kan lọ. Kó lu ẹ̀ka sínú agboòrùn, kó kó ìdin kan sínú ike pẹ̀lú ẹ̀ka igi tó ti bọ́, kó kọ orúkọ igi náà àti ọjọ́ sí ara ike, kó máa pààrọ̀ ẹ̀ka bó bá ti gbẹ. Ìdin á jẹun títí, á so kókó, á dákẹ́. Àwọn kan á dákẹ́ títí òtútù á fi kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àfòpiná tuntun á wà lára ideri ike, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ pé pérépéré, ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní kíkọ lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí kò bá jẹ́ pé agbọ́n tín-ín-tín kan ti yé ẹyin sínú ìdin náà kó tó já sínú agboòrùn. Nígbà náà, kókó òfìfo ni onítọ̀hún yóò bá, pẹ̀lú agbọ́n dúdú tó gùn tó ìrẹsì kan tó ń rìn káàkiri ògiri ike, irú agbọ́n tó sì jẹ́, ìwé àfòpiná kankan kò ní sọ fún un.